Igbó, àbàtà, òkè àti itẹ́ òkú: báwo la ṣe ń so ibùgbé ẹ̀dá pọ̀ nínú ètò ìlú?

Ayàwòrán_Ìlú:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì tí mo wà ń ṣe ètò ìlò ilẹ̀ fún ìlú kan àti àwọn ìletò tó yí i ká. Igbó ńlá kan wà létí ìlú, àbàtà kan wà nísàlẹ̀ odò, òkè onígi kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ti sọ di ọgbà ìgbafẹ́, itẹ́ òkú àtijọ́ kan tí igi ti bò sì wà ní tòsí. Títì márosẹ̀ la àárín gbogbo wọn kọjá. Ọ̀gá mi mú báírò aláwọ̀ ewé, ó fa ìlà láti orí èkíní dé orí ìkẹrin. Ìlà náà gba àárín títì lọ, níbi tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ó ní iṣẹ́ ti parí, a ti so wọ́n pọ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ bá àgbà jiyàn láìní ohun tí màá tọ́ka sí. Kí ni kí n wò kí n tó mọ̀ bóyá ìlà yẹn so nǹkan kan pọ̀ lóòótọ́?

Bàbá_Igbó:
Ọmọ mi, fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi ọ̀gá rẹ ní ìbéèrè kan: ta ló máa rin ojú ìlà yẹn? Ọ̀pọ̀lọ́ kò lè dé àárín títì láàyè. Ọ̀kẹ́rẹ́ lè gbìyànjú rẹ̀, mọ́tò á sì tẹ̀ ẹ́ pa. Labalábá lè rí nǹkan fà mu lára òdòdó, ìyẹn tí atẹ́gùn mọ́tò kò bá gbá a lọ. Ìlà kì í ṣe ọ̀nà títí ẹ̀dá kan fi lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ìdí tí a fi ń so wọ́n pọ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní, igbó kékeré tó dá wà ti di erékùsù. Láti 1967 ni àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá méjì, Robert MacArthur àti Edward Wilson, ti ṣàlàyé pé bí erékùsù bá ṣe kéré sí, tó sì jìnnà sí ilẹ̀ ńlá sí, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹ̀dá tó lè dúró síbẹ̀ á ṣe máa dín kù. Èyí tó bá kú tán níbẹ̀ kò ní rí ará ilé tó máa wá rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìran. Nígbà tí ẹkùn tó wà ní gúúsù Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kù bí 20 sí 30, mọ̀lẹ́bí ló ń gun mọ̀lẹ́bí. Ìrù ọ̀pọ̀ wọn ká kò, wọ́n sì ń bí àwọn mìíràn pẹ̀lú ihò nínú ọkàn. Ní 1995 wọ́n lọ kó abo mẹ́jọ wá láti Texas kí ìran náà tó tún gbérí. Èèyàn ló kó wọn wá o. Láyé àtijọ́ ẹsẹ̀ ara wọn ni ìbá gbé wọn dé.

Alátakò_Rere:
Bàbá, mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró ní òdì kejì díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé kí a so igbó pọ̀ ló máa ń rò pé ire nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹranko bá gbà, iná igbó lè gbà á, àrùn lè gbà á, èpò àjèjì lè gbà á. Ọ̀nà tó bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, etí igbó lásán ni: oòrùn gbẹ ẹ́, ajá ìgboro wọ̀ ọ́, ìdọ̀tí kún un. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ṣé kò sàn kí wọ́n fi ra ilẹ̀ kún igbó ńlá yẹn ju kí wọ́n fi gbin igi sẹ́bàá ọ̀nà?

Bàbá_Igbó:
Ìbéèrè gidi lo bi. Bí igbó ńlá yẹn bá wà nínú ewu lónìí, ẹ lọ dáàbò bo igbó yẹn ná. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi ọ̀nà ṣe bí kò bá sí ilé tó dé. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn láé.

Ṣùgbọ́n a ti fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dán nǹkan wò dáadáa. Ní Savannah River Site, ní South Carolina, wọ́n gé àwọn ojú ilẹ̀ gbalasa sínú igbó igi páìnì, hẹ́kítà kan kan. Wọ́n fi ọ̀nà so àwọn kan pọ̀, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ láìso. Wọ́n ń ka ewéko tó wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún 18, irú ewéko tó wà nínú àwọn tí wọ́n so pọ̀ fi ìpín 14 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò so lọ. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìyàtọ̀ náà kò dúró sójú kan, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi ọdún méjì wò ó, tó ní òun kò rí nǹkan kan, kò tíì dúró pẹ́ tó.

Ní ti èpò àjèjì, òótọ́ ni. Ẹni tó bá la ọ̀nà ní láti máa tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n kọ owó ìtọ́jú sínú ètò láti ọjọ́ kìíní.

Onímáàpù:
Èmi ni mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Ayàwòrán, ẹ má fi ìlà bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ẹ̀dá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìrìn wọn yàtọ̀ síra: ọ̀kan tó ń rin ìrìn jíjìn lórí ilẹ̀, ọ̀kan tí kò lè fi omi sílẹ̀, ọ̀kan tó ń bẹ́ láti igi dé igi, kòkòrò kan tó ń bá òdòdó ṣe. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ wá fún gbogbo irú ilẹ̀ tó wà lórí máàpù ní iye ìnira. Bí àpẹẹrẹ, igbó lè gba 1, oko 10, àdúgbò tí ilé ti fún pọ̀ 50, títì márosẹ̀ 500. Kọ̀ǹpútà á wá ọ̀nà tí àpapọ̀ ìnira rẹ̀ kéré jù láti ibì kan dé ibi kejì.

Ọgbọ́n kejì wà tí mo fẹ́ràn jù, ìyẹn ìṣirò iná mànàmáná. A ó ṣe bí ẹni pé iná ń ṣàn gba orí ilẹ̀ láti igbó dé àbàtà. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ rẹrẹ, ìṣàn á tú ká. Níbi tí ilé bá ti há a mọ́, gbogbo rẹ̀ á wọ́ jọ sójú kan, àwọ̀ á sì dúdú síbẹ̀ lórí máàpù. Ibi tó há yẹn lẹ máa kọ́kọ́ dáàbò bò, torí bí ẹnì kan bá kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀ lọ́la, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àwọn iye ìnira yẹn, ojú la fi wọ̀n wọ́n. Máàpù náà á dára lójú, ó sì lè má jẹ́ òótọ́. Ẹ ní láti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà.

Odò_Ńṣàn:
Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ títí dé ibí, kò sí ẹni tó dárúkọ odò. Ẹ̀yin Ayàwòrán ti fẹnu ara yín sọ pé odò wà níbẹ̀! Bí odò bá gba inú ìlú kọjá, òun ni òpó ilé, kí ẹ tó máa wá ibòmíràn. Bèbè odò ni ilẹ̀ tí kò dára fún ilé kíkọ́ tẹ́lẹ̀, omi ń bò ó, ó sì so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa ìlà kankan. Ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ìparí àwọn ọdún 1870 ni Frederick Law Olmsted, ayàwòrán ọgbà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ọgbà tí wọ́n so mọ́ra wọn. Omi ìdọ̀tí àti ìkún omi tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu ní àbàtà Back Bay Fens ló kọ́kọ́ fẹ́ yanjú níbẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ tí a ń rí lónìí, iṣẹ́ omi ló bí i.

Ẹ lọ wo ihò omi tó gba abẹ́ títì. Mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń jáde ni kí ẹ wò. Lọ́pọ̀ ibi, omi ti gbẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹnu ihò náà wá ga ju ojú odò lọ, omi ń já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹja kékeré tó fẹ́ gòkè kò lè fò ó. Nínú ihò náà, kọ̀ǹkéré dán láti ògiri dé ògiri, omi kún un, kò sí ibi gbígbẹ tí ẹranko kékeré lè tẹ̀. Pèpéle tóóró kan lára ògiri tó ga ju omi lọ ti tó kí ẹranko rí ibi gbà kọjá lóru. Nígbà tí wọ́n bá ń tún ihò náà ṣe ni wọ́n máa ń fi í sí i, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lára owó títì.

Yúróòpù ti kọ ọ̀rọ̀ odò sínú òfin báyìí. Òfin ìmúpadàbọ̀sípò ìṣẹ̀dá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 ní kí ó kéré tán kìlómítà odò 25,000 máa ṣàn láìsí ìdènà títí 2030.

Àdán_Òru:
Kí ẹ tó lọ: iná. Ọ̀nà tí ẹ ya dáadáa, tí ẹ gbin igi sí, tí ẹ wá ri iná títì funfun sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ògiri ló jẹ́ fún àwọn irú àdán kan. Wọn kì í wọ inú ìmọ́lẹ̀. Ní àdúgbò Zuidhoek-Nieuwkoop ní Netherlands, iná pupa ni wọ́n fi sójú pópó ní 2018 nítorí àdán, torí pé pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú. Ẹ fi òkùnkùn sínú ètò yín.

Ayàwòrán_Ìlú:
Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí Odò, òótọ́ ni, odò náà gba abẹ́ títì márosẹ̀ kọjá lójú méjì, afárá kan àti ihò kan. Itẹ́ òkú yẹn kò jìnnà sí bèbè. Òkè ọgbà ló dá wà, ilé yí i ká pátápátá.

Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? Èkejì, ẹnì kan ní ọ́fíìsì ní kí a kọ́ afárá ẹranko sórí títì bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ṣé dandan ni?

Bàbá_Igbó:
Kò sí òṣùwọ̀n kan fún fífẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó bá fún ọ ní nọ́ńbà kan láìbi ọ́ pé ẹranko wo ni, má fetí sí i. Ohun tí kòkòrò fẹ́ kò tó ohun tí àgbọ̀nrín fẹ́. Òfin tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé bí ọ̀nà bá ṣe gùn sí, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe fẹ̀ sí, torí ẹ̀dá tó bá máa sùn lójú ọ̀nà nílò ilé lójú ọ̀nà.

Ní ti afárá, ẹ gbọ́ ìtàn ọgbà ìṣẹ̀dá Banff ní Kánádà. Wọ́n ṣe odi wáyà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì márosẹ̀ tó la ọgbà náà kọjá, wọ́n sì kọ́ afárá 6 àti ọ̀nà abẹ́ títì 38. Ìkọlù mọ́tò àti ẹranko lọ sílẹ̀ ju ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: béárì ńlá tí wọ́n ń pè ní grizzly, àti ìkookò, ibi gbalasa ni wọ́n ń fẹ́, orí afárá fífẹ̀. Béárì dúdú àti puma (ẹkùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà), abẹ́ títì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹranko méjì tó jọra, ìfẹ́ wọn ò dọ́gba. Àwọn kan sì pẹ́ lọ́dún kí wọ́n tó fọkàn tán an.

Kò sì sí afárá tó ń ṣiṣẹ́ láìsí odi. Odi ló ń darí ẹranko síbi tó yẹ kó gbà. Ọ̀pọ̀ ìjọba máa ń kọ́ afárá torí àwòrán, wọ́n á ní odi wọ́n jù.

Ní Kẹ́ńyà, abẹ́ títì ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún erin ní 2011, láàárín òkè Kẹ́ńyà àti igbó Ngare Ndare. Erin gbà á láìpẹ́ rárá. Ní Singapore, afárá ni wọ́n kọ́ sórí títì márosẹ̀ kan tó ń jẹ́ BKE ní 2013, mítà 62 ní gígùn, torí pé títì náà ti ya igbó Bukit Timah kúrò lára igbó tó tóbi jù ú lọ láti àwọn ọdún 1980. Kámẹ́rà ti rí akíka lórí rẹ̀. Fún ìwọ, afárá odò ti wà níbẹ̀ ná. Lọ wò ó bóyá ilẹ̀ gbígbẹ wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n ta ló ni ilẹ̀ tó wà láàárín? Ibẹ̀ ni ètò ti máa ń kú. Netherlands ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rere àti búburú pọ̀. Láti 1990 ni wọ́n ti ní ètò àsopọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní 2006 wọ́n parí afárá ìṣẹ̀dá Crailoo lẹ́bàá Hilversum, mítà 800 ni gígùn rẹ̀, ó gun títì, ó gun ọ̀nà rélùwéè, ó gun pápá eré ìdárayá. Ó gba ìyìn káàkiri. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Flevoland, wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ńlá kan tó ń jẹ́ Oostvaarderswold láti so àbàtà Oostvaardersplassen mọ́ igbó Horsterwold. Wọ́n ti ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tí ìjọba mìíràn gorí àlééfà, tó fa owó rẹ̀ sẹ́yìn ní 2010. Wọn kò parí rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n bá la dé ìlàjì, oko tó ní orúkọ tuntun ni.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú òfin. Òfin ìdáàbòbò ìṣẹ̀dá ti Jámánì ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ó kéré tán ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àsopọ̀ ibùgbé ẹ̀dá. Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, ní àsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní D'MOSS, wọ́n sì fi í sínú ìlànà ìlò ilẹ̀ ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sínú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó àyíká. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìlà tó wà nínú ìwé ìròyìn ètò àti ìlà tí òṣìṣẹ́ máa rí nígbà tó bá fẹ́ buwọ́ lu ìwé ilé.

Ọmọ_Àgbẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ti fi báírò gba oko àwọn èèyàn tán láì bi wọ́n. Ẹranko tí ẹ fẹ́ kó máa rìn, ohun ọ̀gbìn wa ló máa jẹ lójú ọ̀nà. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ san owó fún ẹni tó bá fi igi àti igbó tóóró sílẹ̀ létí oko rẹ̀, ẹ bá a ṣe àdéhùn ọdún gígùn, ẹ sì sọ ẹni tó máa san gbà-má-bínú bí ẹranko bá ba oko jẹ́. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn, àwa gan-an la máa ṣọ́ ọ̀nà náà fún yín. Bí ẹ kò bá ṣe é, igi àkọ́kọ́ tí ẹ gbìn kò ní lo ọdún kan.

Alátakò_Rere:
Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀! Màá fi ti ìgboro kún un. Bí bèbè odò bá ti dára tán, owó ilé á lọ sókè, àwọn tí omíyalé ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí ni wọ́n máa lé jáde. Kí ètò ilé gbígbé àti ètò igi jọ wà nínú ìwé kan náà. Mo gbọ́ ti Medellín, ní Kòlóńbíà, pé láti 2016 wọ́n ti gbin ọ̀nà ewéko 30 lẹ́bàá títì àti odò, ooru ibẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 2. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé àwọn ará ìlú tí nǹkan ò rọgbọ fún ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ ọgbà láti máa tọ́jú wọn. Ooru làwọn ará ìlú mọ̀ lára. Ọ̀gá tí kò bìkítà nípa ọ̀pọ̀lọ́ lè bìkítà nípa ooru.

Onímáàpù:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dàrú. Ọ̀nà tó tutù fún èèyàn lè má jẹ́ ọ̀nà fún ẹranko. Orí máàpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ tún rántí òkè ọgbà yẹn. Ibi tí ilé bá ti yí ká pátápátá, ẹ má fi dandan wá ọ̀nà tí kò já. Igi díẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, adágún kékeré kan, àgbàlá itẹ́ òkú, ibi ìsinmi ni wọ́n jẹ́ fún ẹyẹ àti kòkòrò. Wọn ò ní ṣe àgbọ̀nrín láǹfààní, ẹ má tan ara yín. Ẹ rántí puma tí wọ́n ń pè ní P-22 ní Los Angeles: ó gba orí títì márosẹ̀ méjì kọjá láàyè, ó dé ọgbà Griffith, wọ́n rí i nínú kámẹ́rà ní 2012. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ láìrí abo kan. Igi wà, oúnjẹ wà, ọ̀nà ni kò sí. Ọdún tó kú, 2022, náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ afárá ẹranko lélẹ̀ lórí títì márosẹ̀ 101.

Ayàwòrán_Ìlú:
Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo bi í bí Bàbá ṣe ní kí n bi í: ta ló máa rin ojú ìlà náà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ìlà àárín títì sílẹ̀ fún òdòdó. Ó gbà kí a fi odò ṣe òpó ètò, kí a sì kọ ibi tó há sínú ìlànà ìlò ilẹ̀ kí ìwé ilé tuntun tó jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ní ká gbé lọ sí ìpàdé ọ̀tọ̀. Mo ń ṣọ́ ọ, kí ó má lọ sùn síbẹ̀.

Ó fọwọ́ sí kámẹ́rà mẹ́fà péré. Níbo ni kí n fi wọ́n sí?

Onímáàpù:
Méjì sábẹ́ afárá, ọ̀kan ní bèbè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan sí ẹnu ihò omi, níbi tí omi ò ti ní dé nígbà òjò. Ọ̀kan sí ibi tó há jù lórí máàpù. Méjì tó kù, ẹ fi wọ́n sínú igbó ńlá, kí ẹ lè mọ ẹranko tó wà níbẹ̀ tí kò jáde wá. Bí ẹ kò bá fi ìyẹn sí i, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹranko kọ ọ̀nà ni àbí kò sí ẹranko mọ́.

Odò_Ńṣàn:
Kí ti ẹnu ihò náà wà lápá ibi tí omi ti ń jáde o. Kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ gírígírí.